Riot grrrl: ohun tó wà lẹ́yìn ariwo náà

Tí ẹ bá lọ wo eré orí ìtàgé kan tí àwọn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15, 16 ti gbé gìtá kọ́rùn, tí wọn ò mọ̀ ọ́n ta dáadáa, síbẹ̀ tí wọ́n ń pariwo sínú máíkì nípa ọkùnrin tó fọwọ́ pa wọ́n lára nínú bọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀rọ̀ náà "riot grrrl" nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín lẹ́nu ọ̀nà: orúkọ ìgbìyànjú àwọn ọmọbìnrin olórin pọ́ǹkì tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé orin àwọn ọmọbìnrin tínú ń bí ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, orin kọ́ ló gba ipò iwájú.

Ọ̀dọ̀ pọ́ǹkì (punk), irú orin rọ́ọ̀kì kan, ló ti ṣẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, orin rọ́ọ̀kì ti di iṣẹ́ àwọn ọ̀gá: orin kan á gùn bí ìwàásù, ẹni tó bá sì fẹ́ ta gìtá níwájú èèyàn gbọ́dọ̀ ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó tí kò sì ní sùúrù ló gbé pọ́ǹkì dé ní New York àti London: ìṣẹ́jú 2, kọ́ọ̀dù 3, ariwo, ó tán. Ẹni tó ra gìtá lónìí lè gun orí ìtàgé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àyè gba obìnrin níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Ari Up nígbà tó di akọrin àgbà fún The Slits ní London ní 1976. Poly Styrene ti ẹgbẹ́ X-Ray Spex, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sòmálíà, ṣì ní wáyà tí wọ́n fi ń to eyín lẹ́nu nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1977.

Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980 ní Amẹ́ríkà, pọ́ǹkì ti le koko, ó sì ti di ti ọkùnrin. Hardcore ni wọ́n ń pe irú èyí. Iwájú ìtàgé wá di ibi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, tí wọ́n sì ń pè é ní ijó. Ọmọbìnrin tó bá wá gbọ́ orin á fara ti ògiri lẹ́yìn, á máa bá ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ di kóòtù mú.

Olympia ni nǹkan ti yí padà, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington, níbi tí Evergreen State College wà. Kathleen Hanna ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò níbẹ̀, ó sì ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ilé ààbò tí àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù nílé máa ń sá wá. Ohun tó gbọ́ níbẹ̀ wọ inú orin rẹ̀. Tobi Vail, onílù, ti ń ṣe ìwé àdátẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jigsaw láti 1988. Àwọn méjèèjì àti Kathi Wilcox, pẹ̀lú ọkùnrin kan ṣoṣo, Billy Karren, di ẹgbẹ́ akọrin Bikini Kill ní 1990. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tún wà ní yunifásítì kan ní Oregon, Allison Wolfe àti Molly Neuman, tí wọ́n ti ń sọ fáyé pé àwọn ní ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n tó ní orin kankan. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n láti wá ṣeré ní Olympia ní oṣù Kejì 1991, ni wọ́n bá sáré kọ díẹ̀. Bí Bratmobile ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹnì kan bá ní kí n fi ìtàn kan ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí ni màá mú: wọn ò dúró de ẹni tó máa sọ pé wọ́n ti tó.

Orúkọ riot grrrl wá láti Washington, D.C., olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún 1991, ọlọ́pàá yìnbọn fún ọkùnrin ará El Salvador kan ní àdúgbò Mount Pleasant, ìgboro sì dàrú. Jen Smith tó ń gbé níbẹ̀ kọ lẹ́tà sí Wolfe pé ó yẹ kí àwọn ọmọbìnrin náà dá rògbòdìyàn tiwọn ("riot" lédè Gẹ̀ẹ́sì) sílẹ̀. Tobi Vail ní tirẹ̀ ti ń fi r mẹ́ta kọ "girl" láti fi kùn mọ́ ẹni tó bá ń kà á. Wolfe àti Neuman so méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ṣe orúkọ ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tẹ̀ ní oṣù Keje ọdún yẹn.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní zine, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọkàn ọ̀rọ̀ yìí wà, ju orí ìtàgé lọ. Ẹ mú bébà díẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lọ́wọ́ tàbí kí ẹ fi táípì tẹ̀ ẹ́, ẹ gé àwòrán láti inú ìwé ìròyìn, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi píìnì dì í. Ẹni tó bá fẹ́ á fi dọ́là kan àti sítáǹbù ránṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì wọlé dé ilé àwọn èèyàn. Ọmọ ọdún 15 kan ní ìlú tí kò sí ẹgbẹ́ akọrin kankan lè kọ ohun tí kò lè sọ fún ìyá rẹ̀: ohun tí ẹbí kan ṣe sí i, bí ó ṣe kórìíra ara rẹ̀ nínú dígí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà á dé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ibi tí ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ti wọlé nìyẹn. Kì í ṣe láti inú ìwé yunifásítì: ọmọ náà wá rí i pé ohun tó ń fi pamọ́ kì í ṣe ìtìjú òun nìkan. Inú zine kejì tí Bikini Kill ṣe ní 1991 ni wọ́n ti tẹ ìkéde riot grrrl jáde, "Girl Power" (agbára ọmọbìnrin) sì wà lára ìwé ọ̀hún. Ọdún 5 lẹ́yìn náà ni Spice Girls, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ń fi gbólóhùn kan náà tajà. Ẹ jẹ́ n dákẹ́ níbẹ̀.

Lóde eré, Hanna máa ń ní kí àwọn ọkùnrin sún sẹ́yìn, kí àwọn ọmọbìnrin bọ́ síwájú. Àwọn kan rò pé ìkórìíra ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ ààbò ni: tí ọmọbìnrin 30 bá dúró níwájú, kò ní sí ẹni tó máa fi ìgbọ̀nwọ́ fọ́ wọn nímú, àwọn tó wá láti bú akọrin ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wéré. Àwọn kan tún máa ń fi bírò ńlá kọ èébú sí ikùn tàbí apá wọn, irú "aṣẹ́wó", kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó fẹ́ bú wọn á ti bá a lára wọn ná.

Àwọn oníròyìn dé ní 1992. Aṣọ àti irun ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé eré ọmọdé ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bá pinnu pé àwọn ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Àléébù tó jù wà nínú ilé. Àwọn ọmọ òyìnbó tí ilé wọn rọ̀ṣọ̀mù díẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń sọ "àwa ọmọbìnrin" bí ẹni pé ìyà kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn. Ramdasha Bikceem, ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ kan ní New Jersey, sọ ọ́ sí wọn létí nínú zine rẹ̀, GUNK, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Tamar-kali àti Honeychild Coleman wà lára àwọn adúláwọ̀ tó dá Sista Grrrl Riot sílẹ̀ ní New York, torí wọn ò fẹ́ máa wá àyè nínú ti ẹlòmíràn. Ní London, Big Joanie bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ẹgbẹ́ pọ́ǹkì àwọn obìnrin adúláwọ̀. Orúkọ ẹni tó ń ta gìtá báàsì wọn, Estella Adeyeri, kò ní ṣòro fún ẹ láti mọ ibi tó ti wá.

Àwọn ọmọdé ṣì ń ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún 2021, The Linda Lindas, ọmọbìnrin 4 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 16, kọrin ní ilé ìkàwé ìjọba kan ní Los Angeles. Orin tó gba íntánẹ́ẹ̀tì kan dá lórí ọmọkùnrin kíláàsì onílù wọn tó sọ fún un pé bàbá òun ní kí òun jìnnà sí àwọn ará Ṣáínà. Onílù náà dá a lóhùn pé ará Ṣáínà ni òun. Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn.

Nítorí náà, tí ẹ bá wo irú eré orí ìtàgé tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tó ń ta gìtá. Tí orin bá ń tinú ẹ̀rọ jáde, tó mọ́ tónítóní, tí àwọn òṣèré kàn ń fọwọ́ ṣe bí ẹni ń ta á, olùdarí ti fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀. Tí wọ́n bá ń ta á fúnra wọn, tí ọ̀kan ṣì ń wo ìka rẹ̀ kó má baà ṣìnà, tí ìlù sì ń sáré ju gìtá lọ, iṣẹ́ yé olùdarí náà.