Igún tó lọ gbé òjò: bí a ṣe ń ka ẹranko nínú ìtàn bàbá àtọmọ

Nínú ìwé ìdánwò lórí ìwé ìtàn Things Fall Apart tí mo máàkì lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ bí ogún ló kọ ọ́ pé "eéṣú dúró fún òyìnbó", tí wọ́n sì kọjá lọ. Mo fún wọn ní máàkì, torí wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Lítíréṣọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì máa ń bẹ àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn kàwé nílé pé kí wọ́n má tíì bi ẹranko inú ìwé léèrè pé kí ló dúró fún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń wò ó, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí onítọ̀hún lásìkò náà.

Àwa Ìjẹ̀bú ò ṣàjèjì sí èyí. Àwọn baba wa ń pa àrokò síra wọn. Ẹyọ owó méjì tó kọjú síra wọn, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà dé. Owó ẹyọ kan náà ni o, bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀.

Ẹ wo Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ ní 1958. Ìran mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Unoka afunfèrè tó kú ti òun ti gbèsè lọ́rùn, Okonkwo ọmọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún ìwà bàbá rẹ̀, àti Nwoye ọmọ Okonkwo, tí bàbá rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó ti fẹ́ jọ bàbá àgbà.

Nígbà tí eéṣú kọ́kọ́ bà sí Umuofia, ìlú Okonkwo, ayọ̀ ló bá dé. Wọ́n yan án, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fi epo pupa jẹ ẹ́. Okonkwo jókòó ti Nwoye àti Ikemefuna, ọmọ àlejò tó ń pè é ní bàbá, wọ́n ń rún eéṣú lẹ́nu bí àwa ṣe ń fi ẹ̀pà mu gàrí. Ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti wọlé, tó pe Okonkwo síta, tó sọ fún un pé òrìṣà ti ní kí wọ́n pa Ikemefuna, àti pé kó má bá wọn lọ́wọ́ sí i. Okonkwo lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ẹnì kan wá pe òyìnbó ní eéṣú lẹ́yìn náà, adùn yẹn ló yẹ kó padà sí wa lẹ́nu, kó sì korò.

Ẹyẹ ló tún jinlẹ̀ ju eéṣú lọ. Nígbà tí Unoka wà lọ́mọdé, ó máa ń wá àwòdì kiri ojú ọ̀run. Bó bá ti rí i, á kọrin kí i káàbọ̀ láti ìrìn àjò, á bi í bóyá ó ra aṣọ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń bẹ lékèélékèé pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Nwoye, ìtàn igún wà lára àwọn ìtàn ìyá rẹ̀ tó fẹ́ràn. Ilẹ̀ àti Sánmà jà, òjò ò rọ̀ fún ọdún méje. Wọ́n rán igún lọ bẹ̀bẹ̀, ó kọrin, Sánmà ṣàánú, ó di òjò sínú ewé kókò fún un. Èékánná igún lu ewé náà, òjò dà lé e lórí, kò sì padà wá jíṣẹ́ mọ́. Ọ̀nà jíjìn tó ti rí iná ló gbà lọ.

Okonkwo ní kí Nwoye fi ìtàn obìnrin sílẹ̀, kó wá gbọ́ ti ogun. Ọmọ náà ń díbọ́n pé òun ti fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú Ikemefuna ló gbọ́ orin àwọn onígbàgbọ́, Achebe sì kọ ọ́ pé ìtura tó bá a dà bí ẹ̀kán òjò dídì tó ń yọ́ lórí ilẹ̀ tó ń gbòǹgbẹ. Òjò igún nìyẹn. Bàbá àgbà ní ẹyẹ, ọmọ ọmọ ní ẹyẹ. Okonkwo tó wà láàárín ò ní kankan, òun náà ni kò yí padà títí ìwé fi parí. Nwoye ló dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdàgbà náà mú un kúrò nílé.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní apá yìí, ọmọbìnrin kan láti Òdògbólú nawọ́. "Sà, ìyá wa àgbà máa ń pa àlọ́ yìí." Àlọ́ tiwa ni: Ọlọ́run àti Ilẹ̀ jà nítorí emó kan ṣoṣo, igún gbé ẹbọ lọ sọ́run, òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n igún tiwa padà wálé nínú òjò. Ilé tó bá fẹ́ yà sí, àwọn ẹyẹ ibẹ̀ á ṣá a lórí, títí orí rẹ̀ fi pá.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé ká ní wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ńkọ́, sà?"

Mo ní kí wọ́n ṣí ibi tí Okonkwo ti gbọ́ pé ọmọ òun wà láàárín àwọn onígbàgbọ́. Nwoye wọlé, bàbá rẹ̀ fún un lọ́rùn, ó fi igi nà án. Uchendu, àbúrò ìyá Okonkwo, kígbe pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀. Okonkwo tú u sílẹ̀, Nwoye jáde, kò sì padà.

Ọmọbìnrin náà mú pẹ́ńsù, ó kọ "igún" sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn.