Gbígbọn òdòdó: kí ni oyin ń kùn sí lára tòmátì?

Ẹni tó bá gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé lè rí i láàárọ̀: oyin ńlá kan, dúdú, á bà lé òdòdó, á rọ̀ mọ́ ọn. Ìyẹ́ rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́, síbẹ̀ á máa kùn kíkankíkan. Kì í ṣe pé ó ń bínú, iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ń pe iṣẹ́ náà ní buzz pollination. Èmi á pè é ní gbígbọn òdòdó.

Lẹ́búlẹ́bú tó ń jẹ́ kí òdòdó di èso máa ń wà lójú gbangba lára ọ̀pọ̀ òdòdó. Ti tòmátì àti ikàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpò tóóró ló há sí, ihò tí yóò gbà jáde sì wà ní ṣónṣó orí. Ẹ rántí agolo àtíkè: ẹ lè dì í mú títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí ẹ ò bá mì ín, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Omi dídùn tí oyin ń lá lára òdòdó mìíràn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Oyin á fi ẹnu di àpò náà mú, á wá máa gbọn iṣan àyà tó fi ń fò, láì na ìyẹ́. Ó lè gbọ̀n ju 200 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́búlẹ́bú á tú dà sí i níkùn. Ọmọ ló ń kó o lọ bọ́; ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sí i lára ló ń kan òdòdó tó kàn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oyin inú afárá, tí gbogbo ayé ń yìn fún aápọn, kò mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Ó lè ti òdòdó kan bọ́ sí òmíràn látàárọ̀, kì í gbọn ọ̀kankan. Oyin ńlá tó ń lu igi àjà wa níhò, tí a ń fi ìgbálẹ̀ lé kiri, ló mọ̀ ọ́n.

Lóko gbangba, atẹ́gùn náà ń bá wa mi tòmátì. Inú ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin tòmátì sí, níbi tí atẹ́gùn kì í ti í fẹ́ dáadáa, ni wàhálà wà. Ní Netherlands àti Belgium, òṣìṣẹ́ ló ń fi ẹ̀rọ kékeré gbọn òdòdó kiri, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra bumblebee, oyin onírun kan, nínú páálí ní nǹkan bí 1987. Kò sí bumblebee nílẹ̀ wa ní tiwa. Àgbẹ̀ tó bá gbin tòmátì sí ilé ọ̀rá ló máa ń fọwọ́ ta okùn tó gbé e dúró láàárọ̀, pọ́n-ún, pọ́n-ún, láti ebè dé ebè.