Ìlò ẹyẹ láyé ìgbà tí kò tíì sí ìwé kíkọ

Eegun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde nínú ihò àpáta, ààtàn àti ibojì ni a fi ń mọ ohun tí àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ ń fi ẹyẹ ṣe. Wọ́n ń pa á jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wá ìyẹ́ rẹ̀, èékánná rẹ̀ àti eegun rẹ̀. Níbòmíràn, kò jọ pé ẹran ló ká wọn lára rárá.

Kì í ṣe gbogbo eegun ẹyẹ inú ihò ni ènìyàn gbé débẹ̀. Èyí tí òwìwí gbé mì tó sì bì jáde, omi inú ikùn á ti jẹ ẹ́ lójú. Èyí tí ẹranko jẹ á ní àpá eyín. Ti ènìyàn ni ilà ọ̀bẹ òkúta, tó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán lè má rí i. Ibi tí ilà náà bọ́ sí ló wá ṣe pàtàkì jù. Ìparí apá ẹyẹ kò lẹ́ran. Awọ, iṣan àti ìyẹ́ ńlá ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ ha eegun ibẹ̀, ó ṣòro láti gbà pé ẹran ló ń wá.

Irú ilà bẹ́ẹ̀ wà lára eegun apá igún onírùngbọ̀n, àṣá àti ẹyẹlé igbó nínú ihò Fumane ní àríwá Ítálì. Àwọn Neanderthal, irú ènìyàn ayé àtijọ́ kan tó ti run, ló gé wọn ní nǹkan bí ọdún 44,000 sẹ́yìn. Ní Krapina ní Kroéṣíà, èékánná idì onírù funfun 8 jáde nínú ilẹ̀ tí wọ́n wú láàárín 1899 sí 1905, wọ́n sì wà nílé ìpamọ́ títí di ọdún 2015 kí àwọn onímọ̀ tó kéde pé 4 nínú wọn ní ilà ọ̀bẹ, tí àwọn kan sì ti dán bí ohun tí wọ́n so pọ̀ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ọdún 130,000. Ṣùgbọ́n ní ihò Gorham ní Gibraltar, oúnjẹ ni: ilà ọ̀bẹ àti àpá iná wà lára eegun ẹyẹlé inú àpáta.

Eegun apá ẹyẹ ti ní ihò nínú tẹ́lẹ̀, kò sì yani lẹ́nu pé wọ́n fi ń ṣe fèrè. Ẹni tó fẹ́ fi eyín mammoth, erin onírun ayé àtijọ́ tó ti run, ṣe é ní láti là á sí méjì, gbẹ́ inú rẹ̀, kó tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Eegun igún ni fèrè oníhò ìka 5 tí wọ́n rí ní Hohle Fels ní Jámánì lọ́dún 2008. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 22, ó sì ti lé ní ọdún 35,000. Ní Jiahu ní Ṣáínà, eegun ẹyẹ agùfọn ni wọ́n lò, ọ̀kan nínú àwọn fèrè ibẹ̀ sì ṣì ń dún nígbà tí wọ́n fọn ọ́ lóde òní.

Wọ́n ń lo ẹyẹ níbi ìsìnkú pẹ̀lú. Nínú ibojì kan ní Vedbæk ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n tẹ́ òkú ọmọ tuntun kan sórí apá ẹyẹ omi tí à ń pè ní swan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan.

Ní New Zealand, àwọn baba ńlá àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, lo moa, ẹyẹ ńlá tí kò lè fò, fún oríṣiríṣi nǹkan: wọ́n jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n fi eegun rẹ̀ gbẹ́ ìwọ̀ ìpẹja, wọ́n sì gbé ẹyin rẹ̀ tí wọ́n dá ihò sí lára sínú ibojì ní Wairau Bar. Láàárín nǹkan bí ọdún 200 tí wọ́n tẹ̀dó, moa ti run.