BIC: Jíìnì Adìyẹ Tí Wọ́n Wá Purotéènì Rẹ̀ Tì

Ara adìyẹ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń fún adìyẹ ní jẹjẹrẹ: bó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, á lọ ki ara rẹ̀ bọ àárín DNA adìyẹ náà, ìyẹn ìwé ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Lọ́dún 1989, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kíyè sí i pé ojú kan wà tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń já sí léraléra lára adìyẹ kan sí òmíràn. Wọ́n pe ibẹ̀ ní BIC.

Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ jíìnì, ìyẹn apá kan lára DNA, ni pé kó ṣe purotéènì. Lójú wọn, RNA ò ju ìránṣẹ́ lọ. Iṣẹ́ tí DNA bá rán an ló ń jẹ́. Wọ́n wá purotéènì BIC, wọ́n wá a tì. Lọ́dún 1997, Wayne Tam àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jọ pé RNA náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìgboyà ńlá nìyẹn lójú tèmi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ti pa irú jíìnì bẹ́ẹ̀ tì. Lọ́dún 2001, Tam fi BIC ti èèyàn, ti eku àti ti adìyẹ wéra. Ibi tí wọn ò ti jọra pọ̀, àfi bíńtín kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá.

Inú bíńtín yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Victor Ambros àti Gary Ruvkun ti rí irú rẹ̀ lọ́dún 1993 lára aràn kan tí gígùn rẹ̀ ò ju bíi mìlímítà kan: RNA onílẹ́tà 22 péré, tó ń lẹ̀ mọ́ RNA jíìnì mìíràn, tí kì í jẹ́ kó di purotéènì. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn lọ́dún 2024. RNA tí BIC ń ṣe gùn ní tiẹ̀, ó sì ká lu ara rẹ̀ níbì kan bí okùn tí a ṣẹ́ po méjì. Sẹ́ẹ̀lì á gé ibi tó ká yẹn jáde, á gé orí rẹ̀ tó tẹ̀ dànù, á wá ku èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní miR-155.

Lọ́dún 2007, wọ́n yọ BIC kúrò lára eku, wọ́n sì fi kòkòrò Salmonella tí wọ́n ti sọ di ọ̀lẹ ṣe àjẹsára fún wọn. Nígbà tí Salmonella tó lágbára dé, àjẹsára náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n.

Iṣẹ́ miR-155 ni kí ogun tí ara ń bá kòkòrò àrùn jà gbéra. Ti miR-146a, RNA kékeré mìíràn bíi tirẹ̀, ni kó ṣíwọ́. Ilé ìwádìí David Baltimore ní California ló fi èyí hàn lọ́dún 2006. Bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun bá ti gbóòórùn èèpo kòkòrò àrùn, miR-146a á pọ̀ sí i, á wá máa pa ẹnu TRAF6 àti IRAK1 mọ́, àwọn purotéènì tó ń lu agogo ìkìlọ̀. Lọ́dún 2011, wọ́n tún yọ miR-146a lára eku. Bí àwọn eku náà ti ń dàgbà, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wọn kọjú ìjà sí ara tó yẹ kó máa ṣọ́.