Ìtúnhù Ẹ̀yà Ara

Ìtúnhù ẹ̀yà ara ni kí apá, ẹsẹ̀, ìrù tàbí ẹ̀yà mìíràn tó gé kúrò lára ẹ̀dá tún hù padà. Ẹsẹ̀ akàn tó já a máa hù nígbà tí ó bá bọ́ karawun. Ìrù ọmọńlé náà ń hù, àmọ́ kì í rí bíi ti àkọ́kọ́: ọ̀pá egungun rírọ̀ kan ló máa ń wà nínú rẹ̀ dípò oríkèé egungun ẹ̀yìn.

Nínú àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn, salamáńdà, ẹranko kan tó rí bí alángbá àmọ́ tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́, ló gba iwájú. Ní 1768, onímọ̀ Lazzaro Spallanzani ará Ítálì kọ ọ́ pé ẹsẹ̀, ìrù àti àgbọ̀n rẹ̀ ń hù padà. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò jù lónìí ni axolotl, ọmọ adágún Xochimilco ní Mẹ́síkò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú adágún náà, bẹ́ẹ̀ ó kún àwọn yàrá ìwádìí káàkiri ayé.

Bí ẹsẹ̀ axolotl bá gé, láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, awọ á ti wọ́ láti etí ọgbẹ́ bo ojú rẹ̀. Awọ yìí kì í di àpá. Ó ń nípọn sí i, iṣan ìmọ̀lára á wọ abẹ́ rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìtòsí á pa iṣẹ́ wọn àtẹ̀yìnwá tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á sì kóra jọ di kókó kékeré tí à ń pè ní blastema. Inú kókó yìí ni ẹsẹ̀ tuntun ti ń jáde. Ìwádìí kan ní 2009 fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò gbàgbé orírun wọn: èyí tó ti inú ẹran wá, ẹran náà ló ń dà. Wọ́n tún mọ ibi tí wọ́n wà. Bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ ló ti gé, ọwọ́ nìkan ni yóò hù, kì í ṣe apá odindi. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iṣan ìmọ̀lára níbẹ̀, kókó náà kò ní dàgbà. Bákan náà, nígbà tí wọ́n mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn mì kúrò lára axolotl ní 2013, àpá ló dá sójú ọgbẹ́, ẹsẹ̀ kò hù.

Ibi àpá yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ènìyàn ti yàtọ̀. Kíá ni ara wa ń di ojú ọgbẹ́ pa, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣòfò, kí kòkòrò má sì rí ọ̀nà wọlé. Àpá a gba ibi tí blastema ì bá kóra jọ sí. Àwọn onímọ̀ kan tún gbà pé àwọn àbùdá tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì wa máa pín bó ṣe wù ú, tí wọ́n ń dènà àrùn jẹjẹrẹ, wà lára ohun tó ń dí ìtúnhù lọ́wọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ara ènìyàn kò lè tún nǹkan kan hù rárá. Bí ṣóńṣó ìka ọmọdé bá gé, tí ìdí èékánná ṣì wà, ó lè hù padà. Bí wọ́n bá gé ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀, èyí tó kù á tóbi títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ apá tí wọ́n gé kì í hù.

Àgbà ọ̀pọ̀lọ́ Xenopus kò sàn jù wá lọ púpọ̀: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé, ṣóńṣó egungun rírọ̀ lásán ló ń yọ. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìdérí tí wọ́n kó oògùn márùn-ún sí bo ojú ọgbẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Láàárín oṣù 18, ẹsẹ̀ tó ṣeé fi lúwẹ̀ẹ́ hù, ó yọ ọmọ ìka, ṣùgbọ́n egungun kò sí nínú àwọn ìka náà.