Owó ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun àti ọ̀nà tí ó ń gbà dé Sẹ̀mẹ̀

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti ọjà Àgbálátà ní Àgbádárìgì títí dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ yóò rí àwọn ilé ńlá tí wọ́n kọ́ kí àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà àti ti Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ojú kan. Oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ààrẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì nígbà náà, Muhammadu Buhari àti Patrice Talon, ṣí ibẹ̀. Àjọ ECOWAS ni ó ni ètò náà, ṣùgbọ́n owó Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ẹ̀bùn sì ni owó náà.

Ọ̀nà márosẹ̀ láti Abidjan sí Èkó, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 1,000, tí a sì ṣètò pé kí ó gba agbègbè Sẹ̀mẹ̀ yìí kan náà kọjá, yàtọ̀ sí èyí. Bánkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá sí owó tí wọ́n fi yẹ ilẹ̀ wò tí wọ́n sì fi ya àwòrán ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n owó tí a ó fi la ọ̀nà ọ̀hún gan-an pọ̀ ju ohun tí ẹ̀bùn lè gbé lọ. Ẹ̀yáwó àti owó àwọn olókòwò ni wọ́n ń retí fún un. Orúkọ kan ṣoṣo, ìrànlọ́wọ́, ni àwọn ènìyàn máa ń fi pe ẹ̀bùn àti ẹ̀yáwó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó gba ẹ̀bùn kò jẹ gbèsè, ẹni tí ó yáwó sì ń jẹ ẹ́.

Ibi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ti ń wá ni owó orí. Òṣìṣẹ́ ní Jámánì, Nọ́wè tàbí Japan ń san owó orí rẹ̀, ilé aṣòfin ibẹ̀ sì ń pinnu lọ́dọọdún iye tí yóò jáde lọ sí ilẹ̀ òkèèrè nínú rẹ̀. Ní ọdún 1970, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó máa yọ kọ́bọ̀ 70 sílẹ̀, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ₦100 tí ó bá wọlé sí orílẹ̀-èdè wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣe é. Nọ́wè, Swídìn, Dẹ́nmáàkì àti Luxembourg wà lára àwọn tí ó ti ń mú ìlérí náà ṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2015, àmọ́ wọ́n dín in kù sí kọ́bọ̀ 50 ní ọdún 2021. Ní ọdún 2024, gbogbo ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó yọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 212 dọ́là, èyí tí ó dúró fún kọ́bọ̀ 33 péré nínú ₦100.

Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń kúrò ní ilẹ̀ olówó. Ìlànà OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè olówó tí ó ń ṣe ìṣirò náà, gbà kí orílẹ̀-èdè kan ka owó tí ó ná sórí àwọn tí ogun lé wá sí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ wọn mọ́ ìrànlọ́wọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ń ka àwọn iye ńláńlá wọ̀nyí nínú ìròyìn fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀nà méjì ni owó náà ń gbà jáde. Nínú èkíní, ìjọba kan ń fún ìjọba kejì tàbí àwọn àjọ tí ó wà níbẹ̀, bí USAID, àjọ ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà, ti ń ṣe láti ọdún 1961 títí wọ́n fi tì í pa ní oṣù Keje ọdún 2025. Títì tí wọ́n tì í yìí fi ewu ọ̀nà náà hàn, nítorí òkè ni ọwọ́ afúnni máa ń wà, nígbà tí ó bá sì wù ú ni ó lè ká a kò.

Nínú ọ̀nà kejì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń da owó wọn pọ̀ sí ọwọ́ àjọ kan. Ẹ̀ka méjì ni Bánkì Àgbáyé fi ń yá ìjọba lówó. Ẹ̀ka kan, IBRD, ń yá owó lọ́jà àwọn olówó ayé ní èlé kékeré nítorí pé wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e, á wá yá àwọn ìjọba pẹ̀lú àlékún díẹ̀. Èkejì ni IDA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960 fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń dá owó sí àpò rẹ̀. Ó jọ àjọ tí àwọn ìyálọ́jà ń dá, àfi pé àwọn tí ń dá a kọ́ ni ó ń kó o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ṣèlérí bílíọ̀nù 23.7 dọ́là, èyí tí bánkì náà yóò fi ṣe onídùúró láti wá owó mìíràn kún un, kí ó lè tó bílíọ̀nù 100. Inú àpò méjèèjì ni Nàìjíríà ti ń yá. Ẹ̀yáwó IDA kì í ṣe sọ̀gúndógójì: èlé rẹ̀ kéré, ọdún tí a fi ń san án sì pọ̀, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ òkèèrè bíi dọ́là ni a fi ń ka gbèsè náà, bí náírà bá sì já, ẹrù náà á wúwo sí i.

Nàìjíríà pàápàá ń fúnni. Nínú Bánkì Ìdàgbàsókè Ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, kò sí orílẹ̀-èdè tí ìpín rẹ̀ tó ti Nàìjíríà, láti ọdún 1976 ni ó sì ti gbé owó àkànṣe kan síbẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kù díẹ̀ káàtó fún.

Tí owó bá kan ilẹ̀ wa, Ìpínlẹ̀ Èkó kò lè dá lọ yá a ní òkè òkun. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń tọwọ́ bọ̀wé, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ti fọwọ́ sí i; Ọ́fíìsì Àbójútó Gbèsè ní Abuja ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀; lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ yóò wá bá ìpínlẹ̀ ṣe àdéhùn tirẹ̀. Nígbà tí àkókò sísan bá tó, inú ìpín ìpínlẹ̀ láti Abuja ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kí ìyókù tó dé Ìkẹjà. Nítorí náà, ẹni tí ń ta ẹja yíyan ní Àgbálátà, tí kò fojú kan ìwé àdéhùn kankan rí, wà lára àwọn tí ń san gbèsè ọ̀hún.

Bánkì Àgbáyé kì í kó owó lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba á gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ọ́fíìsì yìí á kéde iṣẹ́ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe; bí iṣẹ́ bá sì tóbi, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé láti ọ̀dọ̀ bánkì pé wọn kò ta kò ó kí ó tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìjọba gbọ́dọ̀ mú ìpín tirẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti máa ń dúró, tí ọdún yóò máa gorí ọdún.

Ohun tí ó kan ará ìlú jù ni pé bí iṣẹ́ bá máa gba ilẹ̀ tàbí ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òfin bánkì ni pé kí a san owó gbà-má-bínú kí a tó gbé katakata wọlé. Láti ọdún 1993 ni Bánkì Àgbáyé ti ní ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí tí àwọn tí iṣẹ́ bá pa lára lè ké sí. Ní ọdún 2013, àwọn ará Badia ní Èkó ké sí i lẹ́yìn tí wọ́n wó ilé wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ sì san owó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awuyewuye pọ̀ lórí bóyá ó tó. Ènìyàn méjì tí ọ̀rọ̀ kàn ti tó láti kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ náà. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè Yorùbá tàbí Ògù ṣeé lò, Washington ni a sì ń fi í ránṣẹ́ sí.