Bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n Ayurveda àti ìmọ̀ oúnjẹ òyìnbó ṣètò oúnjẹ tó bá ara ẹni mu

Ènìyàn méjì lè jókòó ti iyán kan náà ní Kabba, kí ọ̀kan jẹ ẹ́ tán kó gbé àdá lọ sóko, kí èkejì máa wá ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Ẹni kejì á ní iyán kò bá òun lára mu. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Ayurveda, ìṣègùn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà, dúró lé: ta ni ń jẹun, ìgbà wo ló ń jẹ ẹ́, báwo ni inú rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀? Ìmọ̀ oúnjẹ ti òyìnbó gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ó ń bèèrè ohun tó wà nínú iyán náà, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ ń fi ti àkọ́kọ́ fura, wọ́n ń fi ti èkejì wádìí. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni kí ìfura di ìdájọ́.

Ayurveda ní ohun mẹ́ta ló ń darí ara. Vata jẹ́ ti afẹ́fẹ́ àti òfuurufú, Pitta ti iná àti omi, Kapha ti omi àti ilẹ̀. Ẹni tí Vata pọ̀ lára rẹ̀ sábà máa ń tín-ín-rín, awọ rẹ̀ á máa gbẹ, inú rẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan: lónìí ó kún fún gáàsì, lọ́la kò rí ìgbẹ́ yà. Ẹni Pitta kì í lè fara da ebi, ara rẹ̀ máa ń gbóná, ata díẹ̀ àyà ti ń ta á. Ẹni Kapha tóbi lára, ó ń sùn wọra, oúnjẹ kì í sì í tètè dà nínú rẹ̀. Méjì lè pàdé lára ẹnì kan. Wọ́n tún gbà pé iná kan wà nínú ikùn, Agni lorúkọ rẹ̀, òun ló ń da oúnjẹ, agbára rẹ̀ sì máa ń pọ̀ jù láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán.

Ìtọ́wò mẹ́fà ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ, kò sì sí ìkankan tí ọjà ìwọ̀ oòrùn Kogí kò ní. Iṣu àti ọkà bàbà wà lábẹ́ dídùn, ògì lábẹ́ kíkan, iyọ̀ dá dúró, ata àti atalẹ̀ wà lábẹ́ títa, ewúro lábẹ́ kíkorò. Ìkẹfà ni èyí tó ń fa ahọ́n pọ̀, tí ẹni tó bá ti já èso kajú jẹ nínú oko mọ̀ dáadáa. Èyí tí kò tíì pọ́n dénú yóò gbẹ ẹnu mọ́ra, ọ̀fun á máa yún èèyàn. Ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àfi kí èèyàn ra ìrẹsì àti ẹ̀wà Íńdíà kó tó lè ṣe é, ọjà ló ń tà.

Ká sọ òótọ́, sáyẹ́ǹsì kò tíì fìdí Vata, Pitta àti Kapha múlẹ̀. Oníṣègùn Ayurveda méjì lè wo ẹnì kan ṣoṣo kí ìpín tí wọ́n fún un má bára mu. Àmọ́ ti pé ara kì í rí bákan náà, ìyẹn ti jáde kedere. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì gbé èsì iṣẹ́ wọn lórí ènìyàn 800 jáde. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn lára ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Oúnjẹ kan náà mú kí ṣúgà ẹnì kan fò sókè, ti ẹlòmíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Ká wá mú awakọ̀ kan tó ń ná Kabba sí Lọ́kọ́ja. Ọmọ ọdún 52 ni, ó tóbi, orí ìjókòó ló ń bá ọjọ́ lọ. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ta dáadáa, á sùn lé e lórí, àyà á máa ta á dòru. Ṣúgà rẹ̀ ní àárọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu, jẹ́ 112 (mg/dL ni wọ́n fi ń ka gbogbo iye ṣúgà tó wà níbí). Lójú Ayurveda, Kapha ni, Pitta sì tún wà níbẹ̀: kó dín ohun tó wúwo, ohun dídùn àti ọ̀rá kù, kó mú kíkorò pọ̀ sí i, kó rọra fún ata, kó sì gbé oúnjẹ ńlá sí ọ̀sán. Lójú òyìnbó, ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá wà láàárín 100 sí 125 kò tíì ní àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti ń rìn lọ sí ibẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fojú sùn láti dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù ní ìdá 7 nínú 100, tó sì ń rìn tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ á dín kù ní ìdá 58 nínú 100.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Iyán bọ́ sí ọ̀sán, òkèlè rẹ̀ dín kù, ẹ̀fọ́ àti ẹja wá pọ̀ nínú abọ́. Òyìnbó náà mọ̀ pé ara kì í tètè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ bíi ti àárọ̀, àti pé kí ẹ̀fọ́ àti ẹran ṣáájú òkèlè máa ń mú kí ṣúgà rọra gòkè. Sísùn lé oúnjẹ kò dára fún àyà tó ń ta. Títí dé ibí, kò sí ìjà.

Ìjà dé lórí oyin. Ayurveda ní oyin dára fún ẹni Kapha. Òyìnbó ka oyin mọ́ ṣúgà. Fún awakọ̀ tó ní 112, ti òyìnbó ló gbọ́dọ̀ borí. Ìjà tún dé lórí ẹ̀wà, tí Ayurveda máa ń kìlọ̀ rẹ̀ fún ẹni Vata nítorí gáàsì. Ìyẹn kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ lé ẹ̀wà kúrò nílé: kí wọ́n rẹ ẹ́, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀ bí ẹní fẹ́ se ọ̀lẹ̀lẹ̀, gáàsì á rọlẹ̀. Ti àsìkò náà nílò ìtúnṣe. Àsìkò mẹ́fà ni ìwé Íńdíà ń kà, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló wà ní Kogí. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà tiwọn lódindi yóò máa jẹ oúnjẹ àsìkò òtútù nínú ooru. Ìlànà ni ká mú: nígbà tí ọyẹ́ bá ń gbẹ ètè, ọbẹ̀ gbígbóná ló yẹ ara.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ètò yìí rárá ni kóró oògùn àti ìyẹ̀fun Ayurveda tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwádìí kan ní 2008 yẹ irú rẹ̀ 193 wò, nínú ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n ti bá òjé, mẹ́kúrì tàbí àsẹ́níìkì. Oúnjẹ ni oúnjẹ, kóró oògùn kì í ṣe oúnjẹ.

Ìdánwò ló kù. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí bí ìyípadà mẹ́ta bá wọlé pọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n jẹ, aago tí wọ́n jẹ ẹ́ àti bí inú ṣe rí sínú ìwé. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ̀sì ṣúgà wo ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ kì í sábà ju 140 lọ. Bí iyán ọ̀sán bá gbé e dé 170, tí àmàlà tí kò pọ̀ jù ú lọ dúró sí 135, ara ti dáhùn fúnra rẹ̀, ohun yòówù kí orúkọ ìpín rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò HbA1c yóò fi hàn bí ṣúgà ṣe ń rìn ní gbogbo àkókò náà. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, aboyún àti ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà. Bí ṣúgà àárọ̀ kùtùkùtù bá sì dé 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti kọjá ọ̀rọ̀ ìtọ́wò mẹ́fà. Ilé ìwòsàn ló kàn.